Ojú Mẹ́sàn-án Ìtànṣán Lésà

Ọdún márùn-ún gbáko ni Qiu Wanting fi ń kọ́ ìtànṣán lésà bí yóò ṣe máa pín ara rẹ̀, ní yàrá ìwádìí kan nílùú Xi'an. Àwo tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló fi ń pàṣẹ fún apá kọ̀ọ̀kan ìtànṣán náà ibi tí yóò máa mì sí. Bó bá gba inú lẹ́ńsì kọjá, dípò kó ṣù jọ sójú kan, ojú mẹ́sàn-án ni yóò tò sí. Nígbà tí wọ́n fi àbájáde iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ ìwé ìmọ̀ jáde, orúkọ Lu Boheng, ọmọ igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ni Olùkọ́ Shen, tó ń darí yàrá ìwádìí náà, kọ síwájú. Ohun tí Boheng mọ̀ nínú iṣẹ́ náà kò ju ibi tí wọ́n ti ń tan iná yàrá. Bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí orúkọ rẹ̀ kò bá ṣíwájú kò ní gboyè ọ̀mọ̀wé.

Àwọn olùyẹ̀wò fèsì: kí wọ́n tún un ṣe, kí ojú àárín ṣókùnkùn, kí mẹ́jọ yòókù máa tàn, kó sì dé ọwọ́ àwọn kó tó di aago márùn-ún ọjọ́ Ẹtì. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni Boheng ti ń yí gbogbo ohun tó ṣeé yí. Ojú kan ṣoṣo ló rí, ó wú bọ̀kẹ̀tẹ̀ bíi mantou, búrẹ́dì tí wọ́n ń fi ooru omi sè.

"Wanting, ran ẹ̀gbọ́n ẹ lọ́wọ́ jàre," ni Olùkọ́ wí.

Wanting rọra bu omi gbígbóná mu. "Olùkọ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi ló niṣẹ́. Orúkọ wọn ni mo rí níwájú."

"Màá fi àmì ìràwọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ, pé ẹ jọ ṣe é dọ́gba ni."

"Ẹ ṣé, sà. Àwọn tó ń fúnni lóyè kì í ka ìràwọ̀."

Boheng gbójú sókè. "Ṣé o fẹ́ ba iṣẹ́ gbogbo wa jẹ́ ni?"

"Bọ̀dá Lu, ẹ máa yí i lọ. Ó ṣì ku wákàtí méjì."

Ìtìjú kọ́ ló mú Olùkọ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti tún orúkọ wọn tò; aago ni. Wanting dúró sẹ́yìn rẹ̀.

"Kì í ṣe ipò kejì, sà. Ẹ gbé orúkọ mi sókè sí i."

Ó gbé e sókè. Ó ku fọ́ọ̀mù ìyípadà ipò orúkọ, èyí tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí.

"Kí ni kí n wá sọ fún bàbá mi?" ni Boheng bèèrè.

"Ẹ sọ fún wọn pé ẹ mọ̀wé kọ, ẹ fọwọ́ sí i."

Ó fọwọ́ sí i. Wanting wọ awò ìdáàbòbò, ó sì yí àwo náà díẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ojú mẹ́jọ fi yí òkùnkùn kan ká.

Olùkọ́ na ọwọ́ sí bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́. Wanting rọra gbé ọwọ́ náà kúrò, ó ka orúkọ tó wà lókè lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀.