Ọkọ̀ Mi Ti Ń Jò

Ó tún ti lu. Ibi tí mo jó irin pọ̀ lánàá gan-an ló tún lu… mo kàn fi ìka tẹ̀ ẹ́ ni, ìpẹtà sì ń dà sí mi lójú bí èlùbọ́. Kí n dijú ná. Kí n má fọwọ́ nù ún, gírísì ló kún ọwọ́ ọ̀hún.

Òní Ọjọ́bọ̀. Sátidé ni ìrántí ọdún kẹta bàbá mi, èmi Kọ́lájọ ni mo sì fi ẹnu ara mi sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì pé Pijó bàbá ni màá wà dé ibẹ̀. Ta ló rán mi? Mo dí apá ọ̀tún, apá òsì lu. Mo dí tòsì, ọ̀tún tún… Ẹ́ńjìnnì ń dún, ìyẹn ò purọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ́ńjìnnì fẹ́ gbé rìn bí abẹ́ ọkọ̀ bá ń já bọ́ nílẹ̀? Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ilẹ̀ wa yìí ti jẹ ẹ́ láti inú. Ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò.

Bóyá kí n sinmi díẹ̀. Kí n kàn dùbúlẹ̀ báyìí sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀yìn mi wà lórí páálí, kí pákó tí mo fi ti ọkọ̀ ró tutù sí mi létí. Pákó gidi ni. Jáàkì ti kú láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, pákó yìí ò mì. Ara ọkọ̀ ojú omi tó dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtíbàbà ni mo ti gé e. Ìyá mi dúró, ó ń wò mí bí mo ṣe ń fa ayùn. "Kọ́lájọ, ṣé kò sí igi mìíràn ni?" Mo ní èyí ti gbó, Màámi, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó wọlé lọ.

Rejoice àbúrò mi ní kí n… ó mú àwọn tó ń ra àjákù irin wá lọ́dún tó kọjá. Mo lé wọn títí dé etí omi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ara yín nínú dígí." Rhoda ìyàwó mi ò tiẹ̀ bínú mọ́, ìyẹn ló sì burú. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ń kó irinṣẹ́ ní Òkìtìpupa láti wá síbí, yóò bi mí pé ta ni mò ń tún un ṣe fún. Fún bàbá. Bàbá ti kú. Ṣé mo ní kò kú ni? Ọ̀rọ̀ ló sọ kó tó kú, èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ fún ara mi.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún… Apá ọ̀tún rẹ̀ ti rọ, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fi ọwọ́ òsì nàka sí ẹ̀yìnkùlé níbí. "Ọma mi, ọkọ̀ mi ti ń jò. Bá mi tún un ṣe. Má jẹ́ kó jẹrà." Mo ní ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá, mẹkáníìkì kúkú lẹ bí. Ó ń wò mí — ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan kún un, kò jáde. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò mọ́ bá a.

Ó ń jò. Nítorí "ń jò" yìí ni mo ṣe pààrọ̀ radiétọ̀. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí mo pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tó lè jo ọ́ìlì. Kò jò mọ́. Kí ló wá kù tí ọkàn mi ò fi balẹ̀?

Bàbá fẹ́ràn ọkọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Ọdún tí ẹja ya bo àwọ̀n ló rà á, Abereke lórí omi ló sì ń gbé nígbà náà, níbi tí táyà kan ò ti lè tẹlẹ̀. Ó gbé e sí Mahintedo níbí. Bó bá di ọjọ́ ìsinmi, yóò tukọ̀ wá, yóò nù ún, yóò jókòó sídìí sítẹ́rìn, yóò fun fèrè lẹ́ẹ̀kan, yóò tún tukọ̀ padà. Àwọn èèyàn ń fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ pé Olówòkéré, bí wọ́n ṣe ń pè é, ra ilé fún adìẹ. Òun náà á rẹ́rìn-ín. "Mọ́tò mi ni mo wá kí," bó ṣe máa ń dá wọn lóhùn nìyẹn.

Ìyá mi pàápàá… Kí ló tiẹ̀ ṣe é láàárọ̀ yìí? Ó ń yí ẹja lórí ààrò. Mo ní, Màámi, ẹ̀yin lẹ óò kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ní Sátidé. Ojú rẹ̀ tàn. Ó pẹ́ tí mo ti rí ojú yẹn kẹ́yìn. Ó ní, "Ta ló bá wa dí i?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọkọ̀ tí mò ń ṣe lábẹ́ àtíbàbà ni mò ń wí. "Háà," ó ní. "Mọ́tò." Ó padà sídìí ẹja rẹ̀.

Mọ́tò.

Ta ló bá wa dí i… Kí ló rò pé mo dí?

Dúró ná. Mọ́tò mi ni mo wá kí. Mọ́tò — bàbá ò pè é ní nǹkan mìíràn rí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mo ti kúrò lórí omi lọ kọ́ṣẹ́. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti pe ọkọ̀ létí mi, onítáyà mẹ́rin ni. Ṣùgbọ́n bàbá… Kí ni bàbá ń tù? Kí ló ń fi òwú àti ọ̀dà dí lọ́dọọdún? Ọjọ́ tí òkun wọlé bá wọn ní Abereke, kí ló gbé òun àti ìyá mi, pẹ̀lú àwọ̀n àti ẹní méjì, wá síbí?

Irin kì í jẹrà. Irin a máa dípẹtà. Igi ló ń jẹrà. Kí ni ì bá sì máa jò nígbà náà lára mọ́tò tí kò tíì rí omi mu fún ogún ọdún? Mẹkáníìkì ni mí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì tún… Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Ó dé inú tèmi, ó di Pijó.

Ó nàka síbí. Síbí — ṣùgbọ́n àtíbàbà nìkan kọ́ ló wà níbí.

Ojú mi ń ta mí. Ìpẹtà ni. Kì í ṣe ìpẹtà. Kí n yí orí díẹ̀… Pákó náà rèé. Ọ̀dà bàbá ṣì wà létí rẹ̀, ó dúdú, ó ń dán, òwú tó fi ọ̀bẹ tẹ̀ wọlé ò tíì já. Ibi tí ayùn mi gbà nìyí. Ó yẹ kí n fà á yọ nísinsìnyí. Bí mo bá fà á yọ, mọ́tò á wó lé mi láyà.

Mo ṣì dùbúlẹ̀. Ìyá mi ń yí ẹja, mò ń gbóòórùn rẹ̀ níbí. Ọdún mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta gbáko, ọkọ̀ bàbá ni mo fi ti mọ́tò ró.