Ẹ Má Bá Wọn Dáhùn

Ó ti rẹ obìnrin náà wọ eegun. Láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti gbé ìkòkò òfìfo ka iná gáàsì tó sì jáde lọ, kò fojú kan oorun gidi mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe bàbá, pé ọjọ́ ogbó ni. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Orí fóònù nìkan ni ẹ̀gbọ́n ti ń gbọ́ ohùn bàbá. Ìdí nìyí tí obìnrin náà fi bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn lọ sílé ìwòsàn. Bí kò bá gbà gbọ́ lónìí, òun nìkan ni yóò máa gbé ẹrù yìí títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi kán.

Dókítà tó ń yẹ ìrántí àti ìrònú wò ni wọ́n lọ bá. Kò gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, ìbéèrè ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Tíṣà ni bàbá, ó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. Nígbà tí dókítà bi í pé ọjọ́ wo la wà, ó ní òun lòun máa ń bi ọmọ ní ìbéèrè, kí dókítà kọ́kọ́ jókòó dáadáa. Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. Bàbá wá yí ọrùn sẹ́yìn, ó wo ojú ọmọbìnrin rẹ̀. Ọmọ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé Ọjọ́rú ni, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun lanu. Oṣù ńkọ́? Bàbá tún yíjú, òun náà tún sọ ọ́.

Dókítà gbé bíírò sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bá wọn dáhùn mọ́. Bí wọ́n ṣe ń wo ojú yín yẹn gan-an ni mo ń wò."

Ojú tì í. Ó pẹ́ tó ti ń fi ẹnu tirẹ̀ bo bàbá láṣìírí, lójú àlejò àti lórí fóònù. Àṣé òun fúnra rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rí ohun tó fẹ́ kó rí.

Wọ́n ní kí bàbá ya aago. Róbótó tó yà gún régé, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló kó gbogbo nọ́ńbà sí. Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Dókítà wá bi bàbá pé ta ni obìnrin tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Kíá ló dáhùn pé ọmọ òun ni.

"Kí lorúkọ wọn, bàbá?"

Bàbá yí ọrùn, ó ń wo ọmọ rẹ̀, kó gba òun sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Obìnrin náà pa ẹnu mọ́. Ẹ̀gbọ́n ti rí i, ó ti sorí kọ́. Ṣùgbọ́n bàbá ṣì ń wo ọmọbìnrin rẹ̀. Ó dun obìnrin náà wọ akínyẹmí ara. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì sọ orúkọ ara rẹ̀ sí bàbá létí.

Bàbá kọjú sí dókítà, ó pe orúkọ náà ketekete bí ẹni ń pe ọmọ kíláàsì. "Ọmọ tó mọ̀wé ni," ló fi kún un.

Dókítà kò bá obìnrin náà wí. Ó ní kí wọ́n má ṣe bá bàbá jiyàn, kí wọ́n máa ti gáàsì pa lórí sílíńdà, kí ẹnì kan ṣoṣo má sì dá ìtọ́jú rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀gbọ́n gba báàgì bàbá lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. "Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa sùn lónìí. Ìwọ náà lọ sùn."

Lẹ́nu ọ̀nà, bàbá tún yí ọrùn wo ọmọbìnrin rẹ̀, ó fẹ́ mọ ọkùnrin tó di òun lọ́wọ́ mú. Kí obìnrin náà tó lanu, ẹ̀gbọ́n ti sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un.