Búlọ́ọ̀kù Jókòó sí Kíláàsì

Àǹtí Bọ́sẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú pé mo kọ èyí ránṣẹ́ láàárọ̀ kùtù, kó má baà lọ kúrò lọ́kàn mi ni. Mo lá àlá pé mo padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ẹ mú mi lọ, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wa ní ìtàn àti èdè ká lè rí iṣẹ́ rédíò ṣe. Àmọ́ ibi tí mo ti ń mọ búlọ́ọ̀kù báyìí náà ni kíláàsì ọ̀hún. Àwọn búlọ́ọ̀kù tútù tí mo mọ ló jókòó sórí àga, wọ́n so táì mọ́rùn, wọ́n ń nawọ́ sókè. Ọ̀kan dìde, ó ń ka ìròyìn ketekete, omi ń kán lára rẹ̀.

Olùkọ́ wò mí. "Ìwọ ńkọ́? Ìdánwò tìẹ ò le. Lọ mú ẹnì kan ṣoṣo wá, kí o bá a sọ̀rọ̀ kí n gbọ́. Iṣẹ́ rédíò bọ́ sí ọ lọ́wọ́ nìyẹn."

Mo ní, "Ẹnikẹ́ni, sà?"

"Ẹnikẹ́ni. Àbí o ò lẹ́nì kankan ni?"

Àwọn búlọ́ọ̀kù bú sẹ́rìn-ín. Mo jáde, gbogbo ìlú pa lọ́lọ́, kò sẹ́ni lójú títì. Ẹ̀yin ni mo rántí, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, torí láti ìgbà tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ láìsọ fún yín, mi ò pè yín mọ́. Mo padà, olùkọ́ ti ń ti ilẹ̀kùn. Mo bá la ẹnu, mo pariwo orúkọ yín. Ohùn ara mi ló jí mi.