Aago Tó Ń Bá Bàbá Wí

Iṣẹ́ ọmọbìnrin kan ni kó mọ ohun tó ń gbé èèyàn dìde lórí àga. Ó kàwé nípa ìrònú ẹ̀dá, ó sì wà lára àwọn tó ń ṣe aago ọwọ́ tó ń múni rìn. Ṣùgbọ́n bàbá tó bí i kò dìde. Mọlémọlé ni bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Látìgbà tí àìsàn ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀, orí àga ni ilẹ̀ ń mọ́ bá a, ibẹ̀ náà ló ń ṣú bá a. Dókítà sọ ojú abẹ níkòó: bí kò bá rìn, ẹsẹ̀ náà á gan.

Ọmọ bá de aago mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí bàbá bá jókòó pẹ́, aago á kígbe, "Ẹ ti jókòó jù!" Bó bá rìn, á pàtẹ́wọ́.

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi ń wọlé sí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì pé kò sẹ́ni tó ń rìn tó bàbá. Inú ọmọ dùn ṣìnkìn, ó fi han ọ̀gá rẹ̀, ó fi han gbogbo ayé. Lọ́jọ́ kan, ó délé lọ́sàn-án, ó bá bàbá lórí àga. Ajá ilé ń sáré kiri àgbàlá, aago wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́ fún ajá.

"Bàbá! Ẹ̀yin náà!"

"Kí ni mo ṣe? O ní kí aago rìn, ó ń rìn."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa ọmọ, àmọ́ omijé ló kọ́kọ́ bọ́. "Ẹsẹ̀ yín ń gan lọ, bàbá. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ọmọ mi, àkàbà ni mo fi gbogbo ayé mi gùn. Ṣé aago ló máa wá máa bá mi wí? Ká tiẹ̀ ní mo dìde, ta ni mo fẹ́ rìn lọ bá? Ta ló ń retí mi?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ìbéèrè tó ti bi àwọn èèyàn nídìí iṣẹ́ yìí kò lóǹkà, àmọ́ kò bi bàbá ara rẹ̀ ní ọ̀kan rí.

Ó padà síbi iṣẹ́, ó yọ igbe àti àtẹ́wọ́ kúrò nínú aago, ó so aago méjì pọ̀ kí ọ̀kan lè máa sọ ibi tí èkejì wà. Ọ̀kan di ti bàbá. Èkejì di ti Télọ̀, ọ̀rẹ́ bàbá láti kékeré, tó ń gbé ní ìparí àdúgbò. Orúnkún ń dun òun náà, kálukú sì ti ń retí pé kí ẹnì kejì kọ́kọ́ wá kí òun. Àgbà méjì, olóríkunkun méjì.

Lówùúrọ̀, aago bàbá sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́: "Télọ̀ ti jáde. Ó ń lọ síbi bẹ́ǹṣì iwájú ilé oògùn."

"Kó máa lọ," ni bàbá wí.

Nígbà tó ṣe, aago tún sọ̀rọ̀:

"Télọ̀ ti débẹ̀. Ó ń dúró dè yín."

Bàbá pòṣé. "Pẹ̀lú orúnkún yẹn? Nínú oòrùn yìí? Ọ̀pá mi dà?"

Ọmọ fẹ́ dì í mú, bàbá gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ọmọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ. Nígbà tó dé ìdajì ọ̀nà, bàbá fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Télọ̀ rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ó dìde, ó fẹ́ wá pàdé rẹ̀.

Bàbá na ọ̀pá sí i, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo àdúgbò.

"Jókòó síbẹ̀! Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò lè débẹ̀?"

Ó sì kúrò lára ògiri.