Páìpù Ìsàlẹ̀ Òpópónà

"Ìyàwó, ó ti kú!"

Aya ọmọ rẹ̀ gbé ife tíì kalẹ̀, ó sáré wọ yàrá iṣẹ́ bàbá ọkọ rẹ̀. "Ta ló kú, Bàbá?"

"Kọ̀ǹpútà."

"Ẹ ò bá tètè sọ bẹ́ẹ̀. Àyà mi já!"

"Tìrẹ já, tèmi ti bọ́ sílẹ̀. Wo aago."

Aago mẹ́sàn-án ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní aago mẹ́wàá géérégé, katapílà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òpópónà, níbi tí Bàbá ti ń pariwo láti ọjọ́ mẹ́ta pé páìpù tó ń gbé omi lọ sí ilé ìwòsàn wà. Ogójì ọdún ni ó fi jẹ́ awọnlẹ̀ fún iléeṣẹ́ omi. Ṣùgbọ́n fóòmánù tó ń darí iṣẹ́ náà ti ní òun kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣiṣẹ́: kí Bàbá mú àwòrán páìpù náà wá. Ikán ti jẹ èyí tó wà lórí ìwé. Èyí tó kù, inú ẹ̀rọ yìí ló wà.

"Kí lẹ ṣe fún un?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan. Ó ní àtúnṣe tuntun dé, mo ní kó gbà á. Ó ní kí n pa òun, kí n tún òun tàn. Wo ohun tó kọ síbẹ̀."

Lẹ́tà funfun tò sójú dúdú ẹ̀rọ náà, wọ́n sì dúró gbagidi. Ìyàwó fa àga. Òun ni ó ń tún àwọn kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé ṣe, ó sì mọ Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ Bàbá, bí ẹní mowó.

"Ṣé kò tíì jẹ àwòrán mi?"

"Àwòrán yín wà níbẹ̀, Bàbá. Ẹ̀rọ yìí ni kò rí ara rẹ̀ jí."

"Èmi náà kì í tètè jí, ẹnikẹ́ni kò sì tíì sin mí."

Ó pa ẹ̀rọ náà, ó tún un tàn, ó sì di bọ́tìnnì igun òkè mú. Àkójọ gígùn kan yọ. Ẹ̀rín pa á.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Mọ́kànlá, Bàbá! Àtúnṣe ńlá kọ̀ọ̀kan ló ń gbé ètò tuntun tó ń jí ẹ̀rọ wá. Ẹ̀rọ ẹlòmíràn kì í ní ju méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ṣé kì í bi yín pé kí òun pa àwọn àtijọ́ rẹ́ ni?"

"Ó ń bi mí. Rárá ni mo máa ń wí."

"Kí ló dé?"

"Awọnlẹ̀ ni mí. A kì í ju àwòrán àtijọ́ nù kí a tó fi ẹsẹ̀ rin ilẹ̀ tí tuntun ń sọ. Èmi kò sì tíì fi ẹsẹ̀ rin inú kọ̀ǹpútà."

"Ibi tí wọ́n ń kó wọn sí ti kún fọ́fọ́! Nígbà tí tuntun dé, ìdajì rẹ̀ ló ráyè wọlé. Ìdajì yẹn lẹ ní kó jí odidi ẹ̀rọ."

Ojú Bàbá rẹ̀wẹ̀sì. "A jẹ́ pé èmi ni mo pa á."

"Ẹ̀yin náà lẹ tọ́jú èyí tí yóò jí i." Ó sún sí ètò tó ṣáájú tuntun, ó tẹ bọ́tìnnì.

Ojú ẹ̀rọ ṣú. Lẹ́yìn náà, ìmọ́lẹ̀ là, àpótí ọ̀rọ̀ ìwọlé sì yọ.

"Ó jí! Ó jí o!" Bàbá ń fi ìka kan ṣoṣo wá lẹ́tà kiri.

"Ẹ yára, Bàbá, katapílà kò ní dúró de ìka yín."

"Dákẹ́, o ń jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀."

Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń pọ àwòrán jáde ní ewé kan tẹ̀lé òmíràn, Ìyàwó béèrè pé, "Ṣé kí n pa àwọn àgbà wọ̀nyí rẹ́?"

"Fi méjì sílẹ̀."

Ó pa mẹ́jọ rẹ́, ó ní kí tuntun tún ara rẹ̀ tò látòkèdélẹ̀, ó sì tún ẹ̀rọ tàn. Ó jí láìjanpata, pẹ̀lú ètò tuntun. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí aago mẹ́wàá lù.

Katapílà ti ń kùn nígbà tí wọ́n débẹ̀.

"Bàbá, ẹ tún dé?" ni fóòmánù wí.

"Mo dé, ìwé náà sì dé."

Fóòmánù wo àwòrán, ó wo ilẹ̀, ó ṣu ẹnu pọ̀. "Ìwé lè purọ́."

"Fún mi ní téèpù ìwọ̀n." Bàbá wọn mítà mẹ́rin láti igun ògiri kan létí òpópónà, ó fi gìgísẹ̀ sàmì sílẹ̀. "Ṣọ́bìrì ni kí ẹ fi wa ibí. Ẹ má wà á jìn ju mítà kan lọ."

Òṣìṣẹ́ méjì walẹ̀. Ìyàwó ń ka ṣọ́bìrì lọ́kàn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹtàlélógún, irin dún lórí irin: kàn!

Fóòmánù kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò, ó sì rí ẹ̀yìn páìpù tó nípọn bí itan ènìyàn. Ó dìde, ó ṣí akoto rẹ̀ kúrò lórí.

"Ẹ pa katapílà yẹn!" Ó yíjú sí Bàbá, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ibo ni kí a máa wà?"

"Apá ọ̀tún, níbi tí kò ti sí nǹkan kan." Bàbá ṣí ewé kejì. "Ṣùgbọ́n gbọ́ ná: ó ku mẹ́ta níwájú."

"Páìpù mẹ́ta?"

"Ìyàwó, bá mi di etí ìwé yìí mú. Kí ọ̀gá rí i dáadáa."