Ẹ̀rọ Amúlétutù Yàrá Màámi

"Ooru ló ń fẹ́ jáde o!" Àníkẹ́ na àtẹ́lẹwọ́ sí ẹnu ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n há sójú fèrèsé, ó fà á sẹ́yìn, ó tún nà án. "Ìyá Raliat, ẹ bá mi fọwọ́ kàn án wò. Àbí ọwọ́ tèmi ni kò dáa?"

Ìyá Raliat, aládùúgbò tó ti wà nílé náà látàárọ̀, gbé ọwọ́ sókè. Kò pẹ́ tó fi sọ ọ́ kalẹ̀. "Ọwọ́ rẹ ò ṣe nǹkan kan. Éésì yìí ló kọṣẹ́."

Lórí ibùsùn ẹ̀gbẹ́ fèrèsé náà, Màámi nà gbọọrọ lábẹ́ aṣọ funfun. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti dákẹ́. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ obìnrin Ìjọ Onítẹ̀bọmi fún un, wọ́n sì ti wé gèlè fún un bó ṣe máa ń wé e. Ó dàgbà, ó darúgbó kó tó lọ, a ò purọ́. Ṣùgbọ́n ooru oṣù Ẹrẹ́nà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í bi òkú léèrè ọjọ́ orí.

Ẹ jẹ́ kí n tètè là á yé yín. Nígbà tí ọkọ Màámi kú, òun fúnra rẹ̀ ló bá wọn lọ gba òkú ní mọ́ṣúárì, ó sì fojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe to ọmọ aráyé sílẹ̀ bí iṣu ọjà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kìlọ̀ fún Àníkẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀: "Tí mo bá kú, o ò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ síbẹ̀ o. Wọn ò sì gbọdọ̀ fi abẹ́rẹ́ kankan gún mi. Láti orí bẹ́ẹ̀dì mi, ó di inú ilẹ̀." Àníkẹ́ á ní òun ti gbọ́. Màámi á ní kò tíì gbọ́, kó kúnlẹ̀ kó búra. Àníkẹ́ á kúnlẹ̀, á búra.

Philip wá ńkọ́? Philip ni àkọ́bí, òun sì ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Màámi bí. Máídúgùri ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀la ló tó rí ọkọ̀ òfuurufú wọ̀, ìrọ̀lẹ́ ọ̀la ló sì tó lè wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Nínú ẹbí wọn, àkọ́bí ló máa ń kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ sí sàréè òbí, ẹnìkan kì í bá a ṣe é. Àníkẹ́ wá rò ó, ó ní òru kan péré náà ni. Éésì wà, jẹnẹrétọ̀ wà, epo wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Bí yàrá bá tutù títí di ọ̀la, Màámi kò ní dé mọ́ṣúárì, Philip yóò sì bá ojú ìyá rẹ̀ nílẹ̀.

Ìgbà tí oòrùn kàn tàrí ni ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ ìranù. Ó kú, ó jí. Ó tún kú. Nígbà tó jí lẹ́ẹ̀kẹta, afẹ́fẹ́ tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde dà bí èyí tó ń ti ẹnu ààrò jáde.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Gàfárù, ẹni tó ń tún fíríìjì àti éésì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Under G. Kò jáfara, ọ̀kadà ló gùn wá. Nígbà tó rí ẹni tó wà lórí ibùsùn, ó bọ́ fìlà, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, mà. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dáa. Ṣé ẹ ti fọ fìlítà rẹ̀?"

"Mo fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Màámi kì í gba eruku láyè."

"Ṣé jẹnẹrétọ̀ gbé e dáadáa?"

"Ó gbé e. Ibí yìí tutù nini láàárọ̀ débi pé Ìyá Raliat lọ mú ìborùn."

Gàfárù tú ojú ẹ̀rọ náà, ó yọ fìlítà, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Ó mọ́ tónítóní. Ó yí bọ́tìnnì síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó gbé etí sí i. "Fáànù ń ṣiṣẹ́," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀."

Àníkẹ́ tẹ̀ lé e jáde. Lẹ́yìn fèrèsé náà gan-an ni wọ́n ta tapólì sí, kí àwọn tó wá kí wọn lè rí ibòji jókòó. Àga kún abẹ́ rẹ̀, àgbààgbà ìjọ kún orí àga. Gàfárù kí wọn, ó ń wá ẹ̀yìn éésì kiri lára ògiri, kò rí i. Fóòmù ńlá kan ló rí tó fẹ̀yìn ti ògiri, tí àga méjì sì fún un mọ́ ọn.

"Ta ló gbé fóòmù síbí?"

Àníkẹ́ mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀. Òun ni. Òun fúnra rẹ̀ ni!

Fóòmù tí Màámi kú sí ni. Àwọn obìnrin ìjọ ló gbé e jáde kúrò lórí ibùsùn lówùúrọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe, wọ́n sì tẹ́ ẹní sórí ibùsùn fún Màámi. Kò pẹ́ ni Bàbá Gbádégẹṣin, àbúrò bàbá Àníkẹ́, dé láti Ọ̀yọ́, wọ́n sì fún un ní àga tó dáa jù lábẹ́ ibòji. Àgbàlagbà ọ̀hún jókòó tán, ó fọwọ́ nu ọrùn, ó nù ún títí, ó ní, "Kí ló ń fẹ́ iná sí mi lẹ́yìn ọrùn báyìí?" Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi: ọmọ wo ló máa sọ fún irú àgbà bẹ́ẹ̀ pé kó dìde, kó lọ jókòó sínú oòrùn? Àníkẹ́ ní, "Ẹ má bínú, Bàbá." Ó gbé fóòmù, ó fi dí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó sún àga tì í kó má baà ṣubú. Bàbá súre fún un. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló ní Màámi kọ́ ọmọ.

Gàfárù gbé fóòmù náà kúrò. Ibi tó kan irin ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó yára fà á padà.

"Mà, ibí yìí ló fi ń mí. Ooru tó bá kó nínú yàrá, ẹ̀yìn ló ń tú u sí. Ẹ dí i nímú."

"Ṣebí o ti gbé e kúrò báyìí. Ṣé á tún mí?"

"Ẹ jẹ́ ká pa á kó sinmi ná."

Wọ́n pa á. Wọ́n dúró tì í. Nígbà tó sinmi díẹ̀, Gàfárù tàn án. Ó kùn hùùn, ó ṣe kẹ́, ó dákẹ́. Ó pààrọ̀ ohun kékeré kan tó máa ń ta á jí, ó tún tàn án. Hùùn. Kẹ́. Òógùn bo Gàfárù lójú, kò sì gbójú sókè wo Àníkẹ́.

"Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó ń mú un tutù ti jóná, mà."

"Pààrọ̀ rẹ̀."

"Irú èyí ti wọ́n lọ́jà. Kí n tó rí i, ó di Ìbàdàn, ó di ọ̀la."

"Gbé òmíràn wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ. Mo bẹ̀ ọ́, Gàfárù. Fún òru kan péré."

"Mà, gbogbo éésì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, aláìsàn ni wọ́n. Ká ní ọ̀kan ń mí nínú wọn ni, orí ni ǹ bá fi rù ú wá." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè lọ. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́.

Ìyá Raliat ló sáré wọ ilé rẹ̀. Omi inú ọ̀rá ló ń tà. Gbogbo èyí tó ti di yìnyín nínú fírísà rẹ̀ ló kó jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n to yìnyín sí ìhà Màámi, wọ́n tò ó sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tó parí ti ẹsẹ̀, ti ìhà ti ń yọ́. Omi gba ara ẹní kán sílẹ̀, Àníkẹ́ ń fi àkísà nù ún, ó ń fún un sínú garawa, ó ń nù ún.

"Àníkẹ́, gbọ́ mi," ni Ìyá Raliat wí. "Ní tiwa Mùsùlùmí, ìyá yìí ì bá ti wọlẹ̀ láàárọ̀. Pósí ti dé, àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ ti gbẹ́ ẹ tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá yín. Kí lẹ wá ń dúró dè?"

Àníkẹ́ ju àkísà sínú garawa. Ó gbé fóònù, ó pe Philip, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ọ̀rọ̀ fóòmù.

"Ẹ gbé wọn lọ mọ́ṣúárì nígbà náà," Philip ní. "Ọ̀la ni mo máa dé."

"Bùrọ̀dá, ẹ mọ ohun tí Màámi ní kí n búra."

"Màámi ti kú, Àníkẹ́!"

"Nígbà náà, ẹ jẹ́ ká sin wọ́n lónìí. Mo bẹ̀ yín. Ooru yìí pọ̀, Bùrọ̀dá. Ẹ ò sí níbí ni."

 Ohùn Philip wálẹ̀. "Ọdún wo ni mo ti rí wọn kẹ́yìn? Ojú wọn nìkan ni mo fẹ́ rí. Bí o bá bo Màámi mọ́lẹ̀ kí n tó dé, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́." Ó gé fóònù.

Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Àníkẹ́ jáde tọ àwọn àgbà lọ lábẹ́ tapólì, ó kúnlẹ̀ síwájú Bàbá Gbádégẹṣin, ó ro ẹjọ́. "Kí ni ká ṣe, Bàbá?"

Bàbá wúkọ́. "Philip ni àkọ́bí. Ohun tí Philip bá wí ni."

Ó yíjú sí pásítọ̀. Pásítọ̀ ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni, ohun tí ẹbí bá fẹnu kò sí ni ìjọ yóò ṣe. Ó wo àwọn yòókù. Wọ́n ń wo bàtà ara wọn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà níbẹ̀ o, àgbà kún ibẹ̀, orí ọmọ sì ń wọ́ lọ ràì. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí Philip nawọ́ sí i lọ́la pé ẹni yìí ló sin ìyá òun láìsí òun níbẹ̀.

Àníkẹ́ padà sínú yàrá. Ó mú abẹ̀bẹ̀, ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ń fẹ́ ẹ. Yìnyín ti tán, omi nìkan ló kù nínú àwọn ọ̀rá náà. Oòrùn ta sójú fèrèsé, irin éésì tó ti kú sì ń gbé ooru sílé. Ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ títí apá fi ro ó. Ó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ lásán ni, ó ń fẹ́ ẹ.

Eṣinṣin kan wọlé. Ó bà sórí gèlè, Àníkẹ́ lé e. Ó bà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó lé e. Nígbà tó padà, ètè Màámi ló bà lé, ó sì ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni tó ti gba ilé. Ètè tí kì í jẹ́ kí ìdọ̀tí kan án! Àníkẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu ètè náà, ó sì dìde.

Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò kúnlẹ̀ mọ́. "Ẹ wá gbé wọn."

"Philip ńkọ́?" ni Bàbá Gbádégẹṣin bèèrè.

"Èmi ni mo ní kí ẹ gbé wọn. Bí Bùrọ̀dá bá dé, ẹ sọ fún wọn pé Àníkẹ́ ni. Ẹ ní ẹ bẹ̀ mí títí, mi ò gbà. Ẹ ní olóríkunkun ni mí. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ lé mi lórí."

Ha! Ẹ wo bí àga ṣe ń dún. Bàbá Gbádégẹṣin, tí wọ́n ti ń fà dìde látàárọ̀, dìde fúnra rẹ̀. Pásítọ̀ ti ń ṣí ìwé orin. Àwọn tó máa gbé pósí ti ká ọwọ́ aṣọ sókè. Ẹni tó máa ru ẹ̀bi ni wọ́n ti ń dúró dè, kì í ṣe Philip. Àníkẹ́ rí i, ó dùn ún dé egungun. Gàfárù ju fìlà sílẹ̀, ó lọ di ìhà kan pósí náà mú.

Wọ́n kọrin, wọ́n ka Bíbélì, wọ́n fi okùn sọ pósí kalẹ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Pásítọ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ta ni yóò bu erùpẹ̀?"

Àníkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Ibẹ̀ ni fóònù ti dún nínú àpò rẹ̀. Ìyá Raliat ló bá a yọ ọ́, ó wo ojú rẹ̀, ó gbé e sí i létí. Gbogbo èèyàn dúró.

Èémí nìkan ni Àníkẹ́ kọ́kọ́ gbọ́. Orin tí wọ́n kọ ti gba fóònù ẹlòmíràn dé Máídúgùri, ẹnìkan ti sọ fún un.

"Bùrọ̀dá," ó ní. Ó dúró bóyá yóò ní kó má pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́. "Erùpẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi yìí."

Philip ń sunkún. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó já gaara lẹ́nu rẹ̀.

"Àníkẹ́, ojú wọn ńkọ́? Ṣé ojú wọn ṣì dáa?"

Àníkẹ́ wo inú sàréè.

"Ó dáa, Bùrọ̀dá. Ojú wọn dáa gan-an."

Ó ṣí ọwọ́, erùpẹ̀ náà sì bọ́ sílẹ̀.