Orí Jael Lára Ìgò

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Saidat sáré wọ ṣọ́ọ̀bù Jael ní Ìwáyà, ìgò òróró irun kan lọ́wọ́ rẹ̀. Onídìrí ni Saidat, òdìkejì títì ló ti ń ṣiṣẹ́. Jael ní tirẹ̀ ń rán aṣọ ilé-ìwé fún àwọn ọmọ àdúgbò. Saidat kò tilẹ̀ kí i kó tó gbé ìgò náà lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n Jael, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo fọ́tò ara ìgò yìí dáadáa. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin nìyí?"

Jael wò ó. Orí obìnrin kan ni, láti ẹ̀yìn, ó yí díẹ̀ sí ọ̀tún. Òwú dúdú ni wọ́n fi kó irun náà, ìkọ̀ọ̀kan nípọn bí ìka ọwọ́, wọ́n wá tẹ gbogbo rẹ̀ wọnú ara wọn bí ẹni hun agbọ̀n. Lẹ́yìn etí ọ̀tún, àmì dúdú kan wà níbẹ̀ tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan. Jael gbé ọwọ́ lọ sẹ́yìn etí ara rẹ̀ láìmọ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ fọ́tò náà: Òróró Ọ̀dúndún Edith, òun ló mú irun yìí hù.

"Àmì yín nìyẹn," ni Saidat wí.

"Àmì mi ni. Ìyá mi ló sì kó irun yẹn."

Ó bọ́ tẹ́ẹ̀pù ọrùn rẹ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ aago méjì ò tíì lù.

Ọ̀rọ̀ náà ti tó ọdún mẹ́fà. Nígbà náà Jael ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Yábàá, ó sì rí iṣẹ́ sí ilé ìtajà Àǹtí Edith ní Surulere, níbi tí wọ́n ti ń ta rìlásà, ìpara funfun tí ń na irun tó ká kò. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Jael, irun rẹ̀ kò rí rìlásà rí. Ìyá rẹ̀, tíṣà àgbà kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń kọrin ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ló ń kó o fún un ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Ìyá á jókòó sórí àga, ọmọ á jókòó sílẹ̀ láàrin ẹsẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń sọ gbogbo ohun tí wọn kò lè sọ lójúkojú. Ìdí àga yẹn ni Jael ti gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe kú gan-an. Ibẹ̀ náà ló ti jẹ́wọ́ pé òun fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ìyá rẹ̀ kì í bínú nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà nínú irun.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí Jael débi iṣẹ́, Àǹtí Edith pè é.

"Irun orí ẹ̀yin ọmọge wọ̀nyí ni mo fi ń polówó ọjà. Ta ni yóò ra rìlásà lọ́wọ́ ẹni tí orí rẹ̀ rí bí ìtẹ́ ẹyẹ?"

"Mà, irun mi mọ́. Ìyá mi ló ń—"

"Ṣé ìyá rẹ ló gbà ọ́ síṣẹ́ ni, àbí èmi?"

Ó pe ayafọ́tò wá, wọ́n ya orí Jael láti ẹ̀yìn. Ó ní àwòrán irun tí kò dára nìyẹn, kí àwọn oníbàárà lè fi wé bí yóò ṣe rí lẹ́yìn rìlásà. Nígbà tí wọ́n tú òwú náà tán, Àǹtí Edith fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun ìpara sí i lórí. Kò pẹ́ tí Jael fi kígbe pé ó ń ta òun. Àǹtí Edith ní kó fara dà á. Fóònù rẹ̀ dún, ó jáde lọ dá a lóhùn, ó sì pẹ́ níta. Jael dìde láti lọ fi omi ṣàn án, ọmọge tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní kó jókòó, pé Màdáàmù ò tíì ní kó ṣàn án. Ó jókòó. Nígbà tí omi kan orí rẹ̀ níkẹyìn, irun bá omi lọ, awọ orí sì tẹ̀ lé e.

Ní ọjọ́ kẹrin wọ́n ní kó má wá síbi iṣẹ́ mọ́, nítorí ẹni tí wọ́n fi báńdéèjì wé lórí kò lè dúró níwájú oníbàárà.

Ìyá rẹ̀ ló ń fi omi iyọ̀ fọ egbò náà láràárọ̀. "Orí ni wọ́n sun yìí, Jael," ni ìyá náà wí. "Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé irun ni." Láti àárín orí títí dé etí òsì, irun kò hù mọ́ níbẹ̀, ojú ibẹ̀ ń dán bí ìdí àwo. Kí ọdún tó yípo, ìyá kú. Ọwọ́ rẹ̀ kò wọ irun ọmọ rẹ̀ mọ́ títí ó fi lọ. Jael kò sì ní fọ́tò kan ṣoṣo tí iṣẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti hàn. Edith ló ní in, Edith ló sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò.

Ayé ti yí padà, ohun tó fà á nìyẹn. Àwọn ọmọge Èkó ti kọ rìlásà sílẹ̀, irun bí Ọlọ́run ṣe dá a ni wọ́n ń gbé káàkiri báyìí. Ọjà Edith kùtà, ló bá wá òróró tà, ó sì fa fọ́tò irun tí kò dára yọ, ó sọ ọ́ di fọ́tò irun tó dára.

"Ó pe àwa onídìrí sí gbọ̀ngàn kan ní Surulere ní Sátidé tó ń bọ̀," ni Saidat sọ fún Jael nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, "kí a wá gba òróró náà fún títà. Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n sọ fún wọn pé irọ́ ni?"

"Má sọ nǹkan kan. Èmi pẹ̀lú rẹ la jọ ń lọ."

"Ẹ ò ṣe wá lọ́yà?"

"Ilé ẹjọ́ kọ́ ló sun orí mi."

Ní àwọn ọjọ́ tó kù kí Sátidé tó pé, Jael rán aṣọ mẹ́ta lódì. Bó ṣe há abẹ́rẹ́ sẹ́nu ló ń ka ohun tó fẹ́ sọ sínú, ó ń yí i padà, ó ń pọ́n ọn bí ẹni pọ́n ọ̀bẹ.

Gbọ̀ngàn náà kún fọ́fọ́ ní ọ̀sán Sátidé. Àwọn onídìrí wá láti Mushin, láti Yábàá, láti Ojúẹlẹ́gbà. Wọ́n ta fọ́tò orí Jael sẹ́yìn pèpéle, ó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Àǹtí Edith dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú wíìgì pupa rẹ́súrẹ́sú kan tó bọ́ sí èjìká.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ni ó wí, "rìlásà ló bó ẹni tó ni irun yìí lórí, níbì kan tí n kò ní dárúkọ. Ẹkún ló sun wá bá mi. Oṣù mẹ́fà péré ni mo fi òróró yìí pa á lórí. Ẹ wò ó!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Jael ti pinnu pé òun yóò dúró di ìgbà ìbéèrè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbé e dìde.

"Màdáàmù, kí lorúkọ ẹni náà?"

Edith rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká bo àṣírí rẹ̀."

"Jael lorúkọ rẹ̀. Èmi ni."

Ó tú ìborí rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ apá òsì sí wọn, ibi tó ń dán náà. Lẹ́yìn náà ó yí ọ̀tún sí wọn, ó ká etí rẹ̀ síwájú kí gbogbo wọn lè rí àmì náà. Àwọn obìnrin wo orí rẹ̀, wọ́n wo fọ́tò, wọ́n tún wo orí rẹ̀. Ariwo sọ.

"Ẹ̀yin lẹ kun rìlásà yẹn, Màdáàmù. Fóònù yín dún, ẹ bá a lọ."

"N kò mọ obìnrin yìí rí!" ni Edith wí. "Àwọn ọ̀tá ló rán an. Bright, mú un jáde!"

Ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dìde, ṣùgbọ́n Ìyá Tìrìmísíyù, àgbà onídìrí kan láti Mushin, ti na ẹsẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ ọn. "Bright, jókòó. Ogójì ọdún ni mo ti ń ṣe irun. Mo mọ orí tí rìlásà jó nígbà tí mo bá rí i."

Jael gun pèpéle. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Edith, òun ló máa ń ya wíìgì rẹ̀ láràárọ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn. Ó mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, nítorí àánú obìnrin náà ń ṣe é nígbà náà.

"Tí òróró yín bá ń mú irun hù, ẹ ṣí tiyín ká rí i."

"Ẹ ṣí i!" ni ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn. Kíá ni gbogbo gbọ̀ngàn gbà á: "Ẹ ṣí i! Ẹ ṣí i!"

Edith fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. "Jael, ọmọ mi," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ti wá mọ orúkọ rẹ̀ wàyí. "Má ṣe èyí sí mi. Mo bẹ̀ ọ́."

"Mo kígbe fún ọ lọ́jọ́ náà." Jael kò tíì pe Edith ní 'ìwọ' rí láyé. "O ní kí n fara dà á. Ìwọ náà, fara dà á."

Ó fa wíìgì náà yọ.

Láti iwájú orí Edith títí dé àtàrí, kò sí irun kankan níbẹ̀. Èyí tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun, ó sì tínrín. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Fóònù nìkan ni wọ́n ń nà sókè. Edith kó ìwé ìpolówó bo orí, ṣùgbọ́n ìwé náà ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Jael dúró ń wò ó. Ó ń retí kí àánú dé, nítorí wọ́n kọ́ ọ dáadáa nílé, ó sì mọ̀ pé ó yẹ kó dé. Kò dé. Ohun tó dé dùn mọ́ ọn wọ egungun. Ó wò ó títí ojú rẹ̀ fi yó, kó tó sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá Tìrìmísíyù dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. "O jàre, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n o ṣe é kọjá ààlà."

"Ẹ ṣeun, Ìyá," ni Jael wí, ó sì kọjá lọ.

Fídíò náà rìn ju ẹsẹ̀ lọ. Àwọn onídìrí dá ìgò padà, ẹni tó ti ra òróró náà ń bú u lórí fóònù, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ilẹ̀kùn ilé ìtajà Surulere fi di títì pa.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta Edith wá sí Ìwáyà. Òun nìkan ló wá, ó wọ bàtà sílípáàsì, ó wé aṣọ mọ́rí. Jael wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Edith kúnlẹ̀ sórí yanrìn, ó na àpò ìwé kan sí i. Àwọn obìnrin tó ru ẹja yíyan bọ̀ láti Makoko dúró wòran, nítorí àgbà ló kúnlẹ̀ fún ọmọdé.

"Gbogbo fọ́tò yẹn nìyí," ni Edith wí. "N kò fi ọ̀kankan pamọ́. Jael, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìlélógún, ní ọ́fíìsì tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, wọ́n ní irun mi jọ ti ará oko. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kun nǹkan yẹn. Ó jó èmi náà. Èmi náà sunkún."

"Ẹ mọ bó ṣe ń ta èèyàn, nígbà náà."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì kùn ún sí mi lórí." Ó ti padà sí 'ẹ', 'ẹ' tí à ń sọ fún àlejò. "Ká ní ẹ kò mọ̀ ni, ǹ bá rí nǹkan tí mo lè fi dárí jì yín."

Ó gba àpò náà. Kò gbé obìnrin náà dìde, kò sì ní kó dìde. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó.

Edith pẹ́ níta kó tó dìde. Jael ń gbọ́ bó ṣe ń gbọn yanrìn kúrò lára aṣọ. Ó gbọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn aládùúgbò béèrè bóyá yóò mu omi, ó gbọ́ ìró ife lára ìkòkò omi, ó gbọ́ "ẹ ṣeun, ẹ ṣeun." Ó dun Jael pé wọ́n fún un lómi.